Ilé, Aládùúgbò àti Ọ̀nà: Ohun Tó Yẹ Kí Á Wò Kí Á Tó Kó Kúrò Nínú Fúláàtì

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ilé gbígbà. Púpọ̀ nínú wa ló ti pẹ́ nínú fúláàtì yàrá méjì ní Wuse, Garki tàbí Utako. Àwọn ọmọ ń dàgbà, ìyá àgbà ti dé láti ilé, àyè kò sì gbà wá mọ́. A wá ń ronú àtikó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí owó yàrá méjì ti lè gba odindi ilé tó ní ọgbà. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n a kíyè sí i pé yàrá àti géètì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ wò, wọn kì í wo ọ̀nà tó lọ síbẹ̀.

Nínú hadíìsì kan, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka ohun mẹ́rin mọ́ ohun tó ń mú ayé dùn fún ènìyàn: ìyàwó rere, ilé tó gbòòrò, aládùúgbò rere, àti ohun ìgùn tó rọrùn. Ẹ kíyè sí i pé ilé kò dá dúró níbẹ̀. Aládùúgbò tẹ̀ lé e, ohun ìgùn sì tẹ̀ lé aládùúgbò. Ní Abuja òde òní, bọ́ọ̀sì, takisí àti ojú ọ̀nà ni ohun ìgùn wa. Ẹni tó gba ilé ńlá, tó sì ń fi wákàtí mẹ́ta jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójoojúmọ́, ó rí ọ̀kan gbà, òmíràn sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

1. Ibi iṣẹ́ ni kí á fi yan ìhà tí a ó gbé

Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó olú-ìlú kúrò ní Èkó wá sí Abuja, ìlú yìí kò yé gbòòrò, ṣùgbọ́n ọ̀nà ńlá tí ará ẹ̀yìn ìlú ń gbà wọlé kò pọ̀. Ọ̀nà Keffi ni ti Nyanya, Mararaba àti Masaka. Ọ̀nà Kubwa ni ti Dutse, Kubwa, Dei-Dei àti Zuba, títí dé Madalla àti Suleja. Ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ni ti Lugbe, ibẹ̀ náà ni a ń gbà lọ sí Gwagwalada.

Ẹni tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní ọjà Dei-Dei, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní Mararaba? Yóò máa la gbogbo ìlú kọjá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Gwagwalada, Lugbe yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju Nyanya lọ. Ọkọ̀ ojú irin inú ìlú tí wọ́n ṣí ní 2018, tó dúró ní 2020, tí wọ́n sì tún ṣí ní 2024, ìhà pápákọ̀ òfurufú ló ń lọ. Kò dé ìhà Nyanya àti Mararaba. Bí aṣojú onílé bá ń sọ fún wa pé ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ níwájú ilé, kí á má ṣe san owó ohun tí kò tíì dé.

2. Owó ọ̀nà, owó ilé ni

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, gbogbo wa la mọ ibi tí owó ọkọ̀ dé. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ àti ìyàwó bá ń jáde ní ọjọ́ 25 nínú oṣù, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń san N1,000 lálọ àti N1,000 lábọ̀, N100,000 ni lóṣù, N1,200,000 sì ni lọ́dún. Ká ní ibi tó súnmọ́ ni wọ́n wà, tí ìdajì owó yìí sì tó wọn, N600,000 ni wọn ìbá ná. Nítorí náà, ilé ọ̀nà jíjìn tí owó rẹ̀ fi N500,000 dín sí ti ìtòsí kò dín nǹkan kan. Ó fi N100,000 wọ́n jù ú lọ.

Àkókò náà ní ìṣirò tirẹ̀. Wákàtí kan àtààbọ̀ lálọ, wákàtí kan àtààbọ̀ lábọ̀, ní ọjọ́ 25, jẹ́ wákàtí 75 lóṣù. Lọ́dún, ó di wákàtí 900. Ọjọ́ 37 àtààbọ̀ nìyẹn, tọ̀sán-tòru. Ó ju gbogbo oṣù Ràmàdáànì lọ, inú ọkọ̀ ni a sì ti lò ó tán.

Àwọn ọmọ ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè náà. Bàbá tó jáde ní ìdájí, tó wọlé lẹ́yìn Iṣáì, ọmọ rẹ̀ ń sùn nígbà tó ń lọ, ó sì ti sùn nígbà tó dé. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kéú mọ èyí dáadáa: ọmọ tí òbí rẹ̀ ń bi ní ohun tó kọ́ lálẹ́ kì í tètè gbàgbé. Èdè Yorùbá náà bẹ́ẹ̀ ni. Níhìn-ín tí à ń gbé láàrín àwọn Gbagyi, Hausa àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, ẹnu wa ni ọmọ ti máa gbọ́ ọ. Bí a kò bá sí nílé, ta ni yóò bá wọn sọ ọ́?

3. Aládùúgbò àti omi

Àwọn Lárúbáwá a máa sọ pé kí á wá aládùúgbò kí á tó wá ilé. Kí á kírun Àsùbáà àti Iṣáì ní mọ́sáláṣí àdúgbò náà kí á tó sanwó. Níbẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá àwọn ènìyàn ń rìn lálẹ́ láìfòyà, bóyá wọ́n ní ọdẹ, àti bóyá ilé kéú wà tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè dé. Ẹni tí yóò máa pẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ mọ ibi tí bọ́ọ̀sì yóò já a sí, àti bí ibẹ̀ ti jìnnà sílé tó, nítorí àwọn olè wan-ṣáàǹsì.

Àwọn obìnrin ni kí á bi ní ọ̀rọ̀ omi. Nínú òjò, gbogbo kànga ló ní omi. Oṣù Kẹta ni kí á béèrè. Bí àwọn mai ruwa tó ń ti ọmọlanke bá pọ̀ ládùúgbò ju kànga lọ, ẹ fi owó omi kún ìṣirò yín.

4. Ìwé ilẹ̀

Bí ó bá jẹ́ pé rírà ni a fẹ́ rà, kí á kọ́kọ́ mọ ìjọba tó ni ilẹ̀. Nyanya, Kubwa, Lugbe àti Gwagwalada wà ní agbègbè olú-ìlú àpapọ̀. Mararaba àti Masaka wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Karu, ìpínlẹ̀ Nasarawa. Suleja àti Madalla wà ní ìpínlẹ̀ Niger. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Abuja wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, mínísítà ló sì ń bójú tó o. Nítorí náà, Abuja ni a ó ti wádìí ìwé Lugbe, Lafia ni ti Mararaba, Minna sì ni ti Suleja.

Ìwé tí olórí abúlé fọwọ́ sí nìkan kò tó. Láàrín 2003 sí 2007, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ní kò bá àwòrán ìlú mu, Kubwa sì wà lára ibi tó kàn. Ẹni tó fi owó halálì rà á pàdánù bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

5. Bí a ṣe lè dán ibẹ̀ wò

Kí á má ṣe lọ wo ilé ní ọjọ́ Sunday nìkan, nígbà tí ọ̀nà dá. Kí á wọkọ̀ láti ibẹ̀ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ Monday, kí á sì padà síbẹ̀ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kí á tún lọ lẹ́yìn òjò ńlá. Bí a bá fẹ́ rà, kí á kọ́kọ́ háyà níbẹ̀ fún ọdún kan.

Kí á kírun Istikhaara, kí á sì fi ọ̀rọ̀ lọ àgbà. Ṣùgbọ́n àdúrà kì í dí ìwádìí lọ́wọ́. Bí ìṣirò bá fi hàn pé ilé ńlá tó jìnnà yóò gba bàbá lọ́wọ́ ọmọ, kí á gba ilé kékeré tó súnmọ́. Yàrá tó ṣẹ́kù, Ọlọ́hun lè fi kún un lọ́la, ṣùgbọ́n ìgbà èwe ọmọ kì í padà wá.

Kí Ọlọ́hun fi wá sí ilé tó ní àlùbáríkà, láàrín aládùúgbò rere, kí Ó sì mú ọ̀nà wa rọrùn. Àmín.