Kámẹ́rà nìkan kò lè ṣọ́ ọjà yín: Bí yàrá ìṣọ́ ṣe yẹ kó rí ní pílásà l'Ápọ́ngbọ̀n

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò l'Ápọ́ngbọ̀n, Ìdúmọ̀tà àti Balógun ló ti ra kámẹ́rà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn. Ṣùgbọ́n bí olè bá wọlé lóru tí kò sẹ́ni tó ń wo àwòrán náà, ẹ̀yìn tọ́jà ti lọ tán lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo bí wọ́n ṣe kó o. Ìdí nìyí táwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń ní yàrá ìṣọ́, níbi tẹ́nì kan ti ń mójú tó gbogbo kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń pariwo bí èéfín bá rú. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké náà lè dáwó jọ ṣe ọ̀kan fún pílásà yín.

Ẹ má fi iye kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀. ISO 11064, ìlànà àgbáyé lórí irú yàrá bẹ́ẹ̀, fi hàn pé iṣẹ́ ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Kí ló fẹ́ máa ṣọ́? Bó bá rí nǹkan, ta ni yóò pè? Ṣé kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Lẹ́yìn èyí ló kan ibi tí yàrá náà máa wà. Ẹ má ṣe é sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má sì ṣe é sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí ibi tẹ́ ẹ ń kẹ́rù sí. Ẹ ti ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ mọ́ inú àpótí irin, torí olè tó bá gbọ́n, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé. Kí yàrá náà ní ìnfátà tirẹ̀.

Ojú máa ń rẹ èèyàn. Ẹ jẹ́ kí méjì máa pààrọ̀ ara wọn lóru, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sínú ìwé.

Olè nìkan kọ́ lẹ ń ṣọ́ o. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹta, ọdún 2022, iná jó ọjà abẹ́ bíríìjì Èkó l'Ápọ́ngbọ̀n, ó sì ba bíríìjì náà jẹ́ débi tí ìjọba fi tì í pa. Ẹ lẹ nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 àti 112, mọ́ ògiri yàrá ìṣọ́ náà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó tó kù fún ẹni tó ṣiṣẹ́ náà, ẹ pa iná lóru ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ ní kẹ́nì kan mi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí ìpè yóò fi wọlé sórí fóònù yín.