Yíyan Ẹ̀rọ Ìtẹ́dà: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Agbaṣẹ́ṣe Ọ̀nà ní Àárín Ìbàdàn

Iṣẹ́ títẹ́ ọ̀dà sí ojú títì jẹ́ iṣẹ́ tí owó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe tí kò bá ṣọ́ra lè ti ibẹ̀ bọ́ sínú gbèsè tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò bá a san. Ẹ̀rọ tí ń tẹ́ ọ̀dà ni ó wọ́n jù nínú irinṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ra èyí tí ó tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, owó rẹ̀ yóò sùn sí abẹ́ igi. Bí ó bá ra ògbólógbòó tí kò yẹ̀ wò dáadáa, títì tí ó ṣe yóò fọ́, orúkọ rẹ̀ yóò sì fọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ó tọ́ kí àwọn ará ìlú náà mọ ọ̀ràn yìí, nítorí owó wọn ni a fi ń ṣe títì.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Láyé àtijọ́, ṣọ́bìrì àti réèkì ni àwọn lébìrà fi ń tú ọ̀dà ká. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni ilé-iṣẹ́ Barber-Greene ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe irú ẹ̀rọ tí àwọn ti òde òní tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ní iwájú ẹ̀rọ náà ni àpótí ńlá wà tí típà ń da ọ̀dà gbígbóná sí. Ṣéènì ń wọ́ ọ̀dà náà lọ sí ẹ̀yìn; níbẹ̀ ni irin kan tí ó lọ́ bí ìdè yóò ti tú u ká sí ọ̀tún àti sí òsì. Lẹ́yìn èyí ni pákó irin tí ó wúwo, tí a ti mú gbóná, yóò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Pákó irin yìí kò gun orí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Orí ọ̀dà fúnra rẹ̀ ni ó ń léfòó sí bí ọkọ̀ lórí omi. Nítorí náà ni gbágungbàgun kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ kì í fi hàn lójú títì. Pákó irin yìí ni ọkàn ẹ̀rọ náà. Òun ni kí olùrà kọ́kọ́ wò.

Ọ̀dà máa ń kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń pò ó ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 150 sí 165 ti Sẹ́síọ̀sì. Rólà gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ tán kí ooru náà tó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 80. Típà tí ó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Bẹẹrẹ, owó tí ń tutù ni ó gbé. Bí ẹ̀rọ ìtẹ́dà bá sì kú nígbà tí típà mẹ́ta ń dúró dè é, òfò ọjọ́ kan lè jẹ èrè oṣù kan.

Ìwọ̀n tí ó yẹ

Kí agbaṣẹ́ṣe ṣírò kí ó tó ná ọjà. Ká sọ pé títì fẹ̀ ní mítà 3, tí ọ̀dà rẹ̀ yóò sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ́yìn tí rólà bá tẹ̀ ẹ́. Mítà 100 títì náà yóò gba mítà kúbíkì 15. Mítà kúbíkì kan ọ̀dà tí a ti tẹ̀ wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2.4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 36. Bí ó bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 40 ni wọ́n lè pò fún un ní wákàtí kan, ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè tẹ́ ju nǹkan bí mítà 111 lọ ní wákàtí náà, èyí tí kò pé mítà 2 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ tí ó lè tẹ́ tọ́ọ̀nù 600 ní wákàtí kò lè mú iṣẹ́ yìí yá ju ẹ̀rọ kékeré lọ.

Iṣẹ́ ńlá ni ẹ̀rọ ńlá wà fún. Ní ọdún 2013, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé àtúnṣe ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn fún Julius Berger láti Èkó dé Ṣágámù, àti fún RCC láti Ṣágámù dé Ìbàdàn, títì gbọọrọ ni ó wà níwájú wọn. Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnkà kò rí bẹ́ẹ̀. Títì ibẹ̀ kò gbòòrò, ilé sún mọ́ ọn, pẹpẹ àwọn ọlọ́jà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí pákó rẹ̀ ṣeé fà gùn, tí ó sì ṣeé dì kúrú, ni ó yẹ ibẹ̀.

Ẹsẹ̀ táyà tàbí ẹsẹ̀ ṣéènì

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ táyà máa ń yára láti ibi iṣẹ́ kan dé èkejì, ó sì rọrùn láti yí ní kọ̀rọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ ṣéènì kì í tètè yọ̀. Ó dára fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí irú ti òkè Màpó, àti fún ilẹ̀ tí kò le. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá ni yóò máa gbé e kiri, owó ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò.

Bí a ti ń yẹ tòkunbọ̀ wò

1. Kí olùrà dé ibẹ̀ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti mú gbóná sílẹ̀ lè fi àìsàn rẹ̀ pamọ́.

2. Kí ó wo abẹ́ pákó irin bóyá ó ti jẹ tín-ín-rín tàbí ó ti tẹ̀. Pákó tí ó tẹ̀ kò lè tẹ́ títì gbọọrọ láéláé.

3. Kí ó wo ṣéènì àti irin lílọ́. Ọ̀dà gbígbóná àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ó ń jẹ wọ́n.

4. Kí ó wo àwọn rọ́bà tí ń gbé ọ́ìlì bóyá wọ́n ń jò, kí ó sì rí i pé ohun tí ń mú pákó gbóná ń ṣiṣẹ́ dọ́gba ní ọ̀tún àti ní òsì.

5. Kí ó fi nọ́ḿbà ara ẹ̀rọ wé ti ìwé rẹ̀ àti ti ìwé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù.

6. Kí ó wádìí ibi tí yóò ti máa rí páàtì rẹ̀ rà, àti mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ríra tàbí háyà

Kí agbaṣẹ́ṣe pín owó tí ó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ sí iye ọdún tí yóò fi lò ó, kí ó sì fi èlé owó ìyá, owó awakọ̀ àti owó àtúnṣe kún un. Ká sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù náírà 12 lọ́dún. Bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 120, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan gba ₦100,000. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 30 péré, ó di ₦400,000. Kí ó fi èyí wé owó háyà. Kí ó rántí pé òjò kì í jẹ́ kí a tẹ́ ọ̀dà bí ó ti wu ni láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pọ̀, háyà ni ó sàn fún un. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn sì lè dá owó rà á.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe

Ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ kò lè gba títì tí kò ní gọ́tà là. Àwọn ará Ìbàdàn kò gbàgbé ẹ̀kún omi Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àti òmíràn ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Omi tí ó dúró lójú títì ń wọ abẹ́ ọ̀dà, ìpìlẹ̀ yóò rọ̀, ọkọ̀ yóò sì fọ́ ọ. Gọ́tà ni kí a kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ìpìlẹ̀ yangí àti òkúta, kí ọ̀dà tó dé. Bákan náà, kí awakọ̀ ẹ̀rọ má ṣe rọ dísù sí ọ̀dà láti mú un rọ̀, nítorí dísù ń tú ọ̀dà kúrò lára òkúta.

Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá wọ àdúgbò, ó tọ́ kí àwọn àgbà ibẹ̀ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni omi yóò gbà? Báwo ni ọ̀dà yóò ti nípọn tó lẹ́yìn tí rólà bá tẹ̀ ẹ́? Báwo ni yóò ti gbóná tó nígbà tí ó bá dé? Agbaṣẹ́ṣe tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn láìbínú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.