Ẹ Má Fi "Ṣe" Bo Iṣẹ́ Ọwọ́ Yín Mọ́lẹ̀

Inú mi máa ń dùn bí mo bá wọ gbọ̀ngàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ti ń pàtẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn, tí mo sì rí i pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún gbogbo rẹ̀: "mo ṣe ère yìí", "mo ṣe aṣọ yìí", "mo ṣe ìkòkò yìí". Bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ oṣù jókòó ti gẹdú ìrókò kan kò "ṣe" ère. Ó gbẹ́ ẹ ni.

Iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Igi ni à ń gbẹ́, igbá ni à ń fín, ìkòkò ni à ń mọ, irin ni à ń rọ, aṣọ ni à ń hun, ìlẹ̀kẹ̀ ni à ń sín, àwòrán ni à ń yà, ọ̀dà ni à ń kùn. Lára àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni orúkọ àwọn oníṣẹ́ ti jáde: amọ̀kòkò, ahunṣọ, ayàwòrán, agbẹ́gilére. Ẹ wo agbẹ́gilére dáadáa: ẹni tó gbẹ́ igi títí igi fi di ère. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó fi parí wà nínú orúkọ kan. Kí ló wá dé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi pe ara rẹ̀ ní "olùṣe ère"?

Ibi tó ti ń rú ọ̀pọ̀ lójú jù ni gbígbẹ́ àti fínfín. Ẹni tó ń gbẹ́ nǹkan ń gé igi dànù ni, títí ohun tó ní lọ́kàn yóò fi yọ. Ẹni tó ń fín nǹkan ń fi ẹnu ọ̀bẹ fa ìlà sí ojú rẹ̀ ni, bí wọ́n ti ń fín igbá ní Ọ̀yọ́; igbá náà ṣì jẹ́ igbá bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére pàápàá ń fín, ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì ń parí lọ ni. Fadá Kevin Carroll ti ìjọ Àgùdà, tó bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947, kọ orúkọ ìpele mẹ́rin tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1967. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé, ìyẹn fífi irin iṣẹ́ ńlá lé igi náà sí ìrísí, kí ibi tí orí máa wà àti ibi tí ara máa wà lè hàn. Alétúnlé tẹ̀ lé e: oníṣẹ́ padà sórí ohun tó ti lé, ó wá ya etí sọ́tọ̀, ó ya ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìhà. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí ara ère yóò máa jọ̀lọ̀. Ìgbà yẹn ni fínfín tó kàn: ìlà ojú, irun dídì, ọnà ara aṣọ.

Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí mọ́ra. Bí olùkọ́ bá bi yín pé ibo lẹ bá iṣẹ́ dé, ẹ yé sọ pé "mo ti ṣe é dé ìdajì". Ẹ sọ pé, "Mo ti lé ọnà rẹ̀ tán, sà, alétúnlé ló kù." Olùkọ́ yóò mọ ibi tí ẹ dúró sí gan-an. Bí ẹ bá sì dé Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ yà sí Gbọ̀ngàn Odùduwà, kí ẹ wo ère Odùduwà tí Làmídì Fákẹ́yẹ gbẹ́ ní 1987. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni, Ọ̀yẹ́-Èkìtì tí mo dárúkọ yẹn ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ẹ wá ojú ibi tí dídán parí sí àti ibi tí fínfín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ojú rẹ̀ máa ń tètè rí i.

Ẹ fi àmì ohùn sórí ère pẹ̀lú. Bí a bá kọ "ere" lásán, ó lè jẹ́ ère tí wọ́n gbẹ́, ó lè jẹ́ èrè ọjà, ó lè jẹ́ eré ìdárayá, ó sì lè jẹ́ erè, ejò ńlá inú igbó.

Ọ̀rọ̀ àwòrán náà yẹ ká dúró lé díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal, nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 2001, tọ ọ̀rọ̀ náà dé "à-wò-rántí", ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí. Ó sì pè wá sí àkíyèsí pé awòran, ẹni tó ń wo ìran, kò jìnnà sí i. Nínú gálárì, àwòrán ló wà lára ògiri, awòran ló dúró níwájú rẹ̀. Àmì ohùn nìkan ló là wọ́n. Lójú àwọn àgbà, ère náà jẹ́ àwòrán, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwòrán ni ère. Èyí tí ẹ lè rìn yí ká ni kí ẹ pè ní ère. Ní ti ayàwòrán, ẹni tó ń ya fọ́tò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi pè báyìí. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi yà á, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: àwòrán àfọwọ́yà.

Ohun tí a fi ṣe iṣẹ́ tún ní orúkọ. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bá àwọn ère orí tó lẹ́wà púpọ̀ nínú ilẹ̀. Idẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe idẹ ni gbogbo iṣẹ́ Ifẹ̀ àtijọ́. Bàbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ara ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n, amọ̀ sísun sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère yòókù. Idẹ lọ́tọ̀, bàbà lọ́tọ̀, amọ̀ lọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ wò wọ́n ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbọ́dọ̀ kọ èyí tó rí sínú ìwé rẹ̀.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí gálárì. Ọ̀rọ̀ náà ti wọlé, ó sì ti jókòó. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ti Oníkàn ní Èkó, gálárì ni ti Nike Òkúndáyé ní Lẹ́kí. Ìpàtẹ ni kí a máa pe ètò tí a fi iṣẹ́ han ènìyàn. Àwọn kan ní ó jọ ọ̀rọ̀ ọjà nítorí àtẹ tó wà nínú rẹ̀. Kò burú. A ti ń sọ ìpàtẹ ìwé tipẹ́, iṣẹ́ ọnà náà sì jẹ́ ohun tí ènìyàn ń tà jẹun.

Ojú kì í rí arẹwà kó má kí i, àmọ́ kíni kan náà ni àwọn ọmọ wa ń wí bí wọ́n ti ń kọjá lára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: "ó dára". Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, Robert Farris Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà, rìn kiri ìlú wa, ó ń bi àwọn ènìyàn ìdí tí wọ́n fi yan ère kan ju òmíràn lọ. Wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Wọ́n ní jíjọra: kí ère jọ ènìyàn, kó má sì jọ ọ́ jù. Wọ́n ní dídán, wọ́n ní gígún. Ère tó gún régé dúró ṣánṣán, apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ ṣe déédéé. Ní ti àwọ̀, kí ló dé tí a ń fi pupa sílẹ̀ ní ìhòòhò nígbà tí pupa fòò wà, àti funfun báláú, àti dúdú kirikiri?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi aṣọ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ rántí pé dídì àti rírẹ ló bí àdìrẹ. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà sí lára kì í ṣe àdìrẹ, bó ti wù kó jọ ọ́ tó. Ẹ sọ bóyá oníko ni, tí ẹ fi ìko dì, tàbí ẹlẹ́kọ, tí ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí lára kí ẹ tó rẹ ẹ́ láró. Bí ọnà ara rẹ̀ bá ní orúkọ, bíi Ìbàdàndùn tó gbé òpó Gbọ̀ngàn Mápó sára aṣọ, ẹ kọ orúkọ náà.

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo iṣẹ́ yìí ń jẹ́ ló kù. Ọnà ni, kì í ṣe ọ̀nà. Ní 1989, àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ní Ifẹ̀, tí Moyọ̀ Òkédìjí wà lára wọn, fi ọnà sọ ẹgbẹ́ wọn lórúkọ. Ẹni tó bá kọ "iṣẹ́ ọ̀nà" sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn rẹ̀ ti sọ fún wa pé títì ló ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó tẹ ìwé pélébé yẹn, ẹ gbé e tọ agbẹ́gilére tàbí aláró tó wà ní àdúgbò yín lọ. Ẹ kí wọn, ẹ kà á sí wọn létí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe.