Ẹ̀yin Tó Fẹ́ Ṣe Gálílì Lórí Òkè

Mo gbọ́ pé ẹ ti ń dá owó mọ́tò jọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, dípò kí ẹ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní pápá ilé ìwé bí a ti ń ṣe é, Ìrágbìjí lẹ ń lọ, orí òkè lẹ ti fẹ́ ṣe Gálílì tiyín. Ó dára. N kò ní bá yín jà. Ọmọ tó jókòó ti fóònù láti àárọ̀ dalẹ́ ni mo máa ń bá jà. Àsìkò tí ẹ mú ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Àjíǹde kì í kọjá ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já, kò sì sígbà tí ojú ọ̀run ń ṣe ségesège tó ìgbà náà ní ilẹ̀ wa.

Àwa ará Òkukù, odò ni tiwa. Ọ̀tìn ni àwọn baba wa ń bọ, orúkọ rẹ̀ náà ni ìjọba ìbílẹ̀ wa ń jẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò ni òkè wà: ẹ yà sí Ìkìrun ẹ ó rí i, ẹ dé Ìrágbìjí ó yí ìlú ká, ẹ tẹ̀ síwájú ẹ ó bá a ní Ọ̀tan Ayégbajú, ní Ìrèsì, ní Ìgbájọ. Ọ̀tan ni Òkè Màríà wà, tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ń gùn lọ gbàdúrà lọ́dọọdún. Àwọn òkè wọ̀nyí kò ga. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le lè gun ọ̀pọ̀ nínú wọn dé orí kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Òkè tó bá ga, ẹ̀rù rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ba èèyàn. Á wá bàtà gidi, á gbé omi, á wá ẹni tó mọ̀nà. Èyí tí èèyàn ń wò láti ẹ̀bá títì, tó ní “ṣé èyí náà ni?”, òun ni wọ́n ń wọ sílípáàsì gùn.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé orí òkè ni àwọn èèyàn wa ń gbé tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni àwọn ará Ìdànrè ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀ta. Ẹ̀gbá sá di Olúmọ ní 1830. Nígbà ogun Kírìjì, Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àárín òkè yẹn ni wọ́n wà tí òjò ń pa wọ́n, tí ọyẹ́ ń mú wọn, títí wọ́n fi tú ká ní 1893. Ẹni tó ń gbé orí òkè mọ ihò tí kì í jò, ó mọ ibi tí àgbàrá ń gbà, kò sì sí ibi tó ń sáré lọ bí òjò bá ṣú. Àlejò ọjọ́ kan ni ẹ̀yin. Ẹ ti bá awakọ̀ ṣàdéhùn aago mẹ́rin, ìkánjú àtibá mọ́tò yẹn ló sì máa lé yín sórí àpáta tútù.

Ìhà ìlà oòrùn ni kí ẹ máa wò. Mo mọ̀ pé bí èèyàn bá gùnkè tán, ojúlé tirẹ̀ ló máa ń wá kiri. Á máa nàka sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí mọ́ṣáláṣí, sí òrùlé ilé bàbá rẹ̀, á máa ya fọ́tò. Ẹ yà á, àmọ́ kí ẹnì kan kọjú sí ìlà oòrùn. Òjò oníjì tó ń rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí àsìkò òjò, láti ìlà oòrùn ló ti ń wá, tó ń rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí wa lára lójoojúmọ́, láti ọ̀nà òkun ni ó ti ń wá. Ẹ̀yìn ni òjò yẹn ti ń ká èèyàn mọ́. Ooru á kọ́kọ́ mú, ewé kò ní mì, ojú ọ̀run lọ́hùn-ún á dúdú bí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tútù á fẹ́ lójijì, eruku á sọ. Bí afẹ́fẹ́ tútù yẹn bá ti kàn yín, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí òjò balẹ̀. Fọ́tò ti parí nìyẹn.

Òjò oṣù keje kì í ṣe báyìí. Òun ń rọ̀ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ láti òwúrọ̀, ìkùukùu á bo orí òkè, kò ní pariwo, kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ kò ní rí ọ̀nà, àpáta á sì máa yọ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé fóònù jù. Fóònù á ní òjò máa rọ̀ ní Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun mélòó ló wà? Òjò lè máa lu Ìrágbìjí kí eruku máa sọ ní Ìnísà. Òjò kò sì bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa.

Ọ̀rọ̀ àrá ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Kò sí ìtìjú nínú ká sá fún un. Àwọn tó ń pe Ṣàngó ní kábíyèsí pàápàá kì í dúró sí gbangba òkè kí i. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ àrá. Mẹ́ta nínú rẹ̀ tó kìlómítà kan. Bí ẹ kò bá tíì kà á dé ọgbọ̀n tó fi sán, ó ti sún mọ́ yín jù, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sì tún gùn ún títí ìdajì wákàtí á fi kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn. Ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró lórí àpáta. Ẹ má rún mọ́ra yín sí ẹnu ihò kékeré, nítorí iná àrá ń gba ara òkúta sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè ti òkè ihò fò bọ́ sára ẹni tó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà àtisọ̀ kalẹ̀ kíákíá, kí ẹ jìnnà síra yín, kí oníkálukú lóṣòó, kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ó bá kan ẹnì kan, àwọn yòókù á lè gbà á là.

Ẹ̀kejì rẹ̀ rèé, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi má bínú sí mi. A ti sọ fún yín láti kékeré pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹni tí àrá lù títí Mọ́gbà, àwòrò Ṣàngó, á fi dé. Mo bọ̀wọ̀ fún Mọ́gbà. Ṣùgbọ́n kò sí iná kankan mọ́ lára ẹni náà lẹ́yìn tí àrá bá ti lù ú tán, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ọkàn àti èémí rẹ̀ ló kàn dá dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló ní. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láyà gidigidi, léraléra, ẹ má ṣíwọ́ títí ó fi mí tàbí títí ẹ ó fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ. Ètùtù lè dúró de ọ̀la.

Àpáta tiwa, nígbà tó bá gbẹ, ó ń di bàtà mú dáadáa. Ẹ wo ìlà dúdú gígùn tó ti òkè rẹ̀ wá dé ìsàlẹ̀: ojú ọ̀nà omi nìyẹn. Ohun tó ń hù tín-ín-rín lára òkúta ló sọ ọ́ di dúdú, bí omi bá ti kàn án, ẹsẹ̀ kò ní dúró lórí rẹ̀. Ẹ gba ibi tó funfun. Gígùn kò ní wàhálà. Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń fọ́ orúnkún. Bí òjò bá bá yín lókè, ẹ jókòó, kí ẹ fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ṣòkòtò á ya, ẹ ó ra òmíràn lọ́jà.

Àpáta kì í mu omi. Gbogbo ohun tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ ló ń ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí náà odò tí ẹ fò kọjá láàárọ̀ lè mù yín dé ìbàdí lọ́sàn-án. Kò yẹ kí n máa sọ èyí fún ọmọ Òkukù. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí ọmọ ogun Ìbàdàn lé Ìlọrin àti àwọn tó bá wọn ṣe pọ̀ kúrò lẹ́yìn odi Ìkìrun, Ọ̀tìn tiwa yìí ni àwọn tó ń sá bá níwájú. Wọ́n ti gé afárá. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú, odò sì gbé wọn lọ rẹpẹtẹ. Ogun Jálumi ni a ń pè é títí dòní. Àwọn akọni ni wọ́n, ìkánjú ló gbé wọn dé inú omi. Ẹ̀yin, kò sẹ́ni tó ń lé yín. Bí odò bá kún, ẹ jókòó sí èbúté, ẹ jẹ gààrí yín. Èyí tó ń ti orí àpáta wá, bó ṣe ń tètè kún náà ló ń tètè fà.

Àwọn kan nínú yín á ní ó sàn kí a lọ ní Kérésìmesì nígbà náà, tí kò sí òjò. Iná igbó ńkọ́? Lásìkò ọyẹ́, koríko ti gbẹ, ọdẹ ń dáná sungbó, iná sì ń gòkè yára ju ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn lọ. Bí ẹ bá rí èéfín nísàlẹ̀, ẹ má sá gòkè gba inú koríko. Orí àpáta gbalasa ni kí ẹ wá.

Gbogbo èyí tí mo ń sọ, kò ní wúlò bó bá jẹ́ pé òkè lẹ ti fẹ́ máa jiyàn rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fẹnu kò, nígbà tí kò tíì rẹ ẹnikẹ́ni: aago tí ẹ ó yí padà, yálà ẹ dé orí tàbí ẹ kò dé, àti àmì tí ẹ bá rí tí ẹ ó yí padà bí aago náà kò tilẹ̀ tíì pé. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ṣóńṣó òkè ti wà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹni tí ohùn rẹ̀ lọ sókè jù ló máa pinnu fún yín, n kò sì tíì rí ibi tí olóhùn òkè ti jẹ́ ẹni tó mọ̀nà jù. Ẹni tí kò lè yára rìn láàárín yín, òun ni kí ẹ fún láṣẹ láti sọ pé ó tó. Bó bá ti sọ ọ́, ó tán. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pè é ní ojo.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Scotland náà. Òkè ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣeré: Hugh Munro ṣe ìwé orúkọ àwọn tó ga ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ lọ ní 1891, wọ́n jẹ́ 282 lónìí, àwọn kan sì ń fi gbogbo ayé wọn gùn wọ́n tán. Kì í ṣe ìyẹn nìkan ló léwu. Arthur's Seat, tó wà láàárín ìlú Edinburgh, mítà 251 ni, ọmọdé ń gùn ún. Síbẹ̀ oòrùn, òjò àti ìkùukùu lè bá èèyàn níbẹ̀ lọ́sàn-án kan ṣoṣo. Òtútù ni ọ̀tá wọn lọ́hùn-ún. Bí èèyàn ṣe ń gòkè ló ń pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ á gbè é lẹ́yìn, aṣọ òwú tó bá sì ti tutù kò ní jẹ́ kí ara móoru mọ́. Nínú oṣù Disẹ́ńbà, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Bí ọ̀nà bá dí mọ́ wọn, 999 ni kí wọ́n pè, kí wọ́n béèrè ọlọ́pàá, kí wọ́n ní orí òkè ni àwọn há sí. Àwọn tó ń jáde lọ wá wọn níbẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀.

Níbí, ẹ lè pe 112, àmọ́ ọdẹ ìlú tó mọ òkè náà ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà, kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ lé òkè ẹnikẹ́ni, ẹ kí àwọn onílé, ẹ béèrè ibi tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò dé, ẹ wá ọdẹ kan kó ṣáájú yín, ẹ sì sanwó rẹ̀ láì yọ ọ́ lẹ́nu. Bàtà kánfáàsì, aṣọ òjò, tọ́ọ̀ṣì, omi tó pọ̀ ju èyí tí ẹ rò lọ. Ẹ má da ọ̀rá omi sílẹ̀ lórí òkè. Ẹ má ki ọwọ́ bọ pàlàpálá òkúta, paramọ́lẹ̀ ń gbébẹ̀. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má gé e lábẹ, ẹ má fokùn dì í. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Kí ẹni tó ń ṣe olórí yín wá rí mi lọ́jọ́ Sátidé ṣáájú Àjíǹde. Kó wá sọ aago tí ẹ fẹnu kò lé lórí, kó fi orúkọ gbogbo yín àti nọ́ńbà awakọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí ó bá di aago méje alẹ́ tí n kò gbúròó yín, n ó pe àwọn ọdẹ Ìrágbìjí.