Kí bíríkìlà tó gbẹ́ ìpìlẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ayàwòrán-ilé wa, àgbẹ̀ kòkó ni mí ní Ofosu, ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè. Mo fẹ́ kọ́lé. Bíríkìlà ti ya ilé oníyàrá mẹ́rin fún mi: búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì-mẹ́sàn-án, páànù tí a fi pàrápẹ́ẹ̀tì bò, ojú ilé sì kọ sí títì, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Àmọ́ irú ilé yìí gan-an ni aládùúgbò mi kọ́, tòun tìyàwó tọmọ ló sì ń sá lọ sábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án. Iná mànàmáná kò dúró tí a ó fi gbójú lé fáànù. Ilé amọ̀ bàbá mi tutù ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ẹ ń ṣí kúrò. Àwọn ọmọ mi ní kí n wó o, pé ilé òtòṣì ni. Kí ni kí n ṣe tí ilé tuntun yìí yóò fi bá àwọn ọmọ-ọmọ mi láyé?

ÌDÁHÙN

 Ó dùn mọ́ mi pé ẹ bèèrè báyìí, nítorí láti inú àwòrán orí pépà ni ooru ti ń wọ ilé.

Ẹ kọ́kọ́ yí ilé náà padà lórí ilẹ̀ yín. Kí ògiri tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ògiri kúkúrú gba ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Lọ́dọ̀ tiwa, oòrùn ọ̀sán gangan a máa dúró lókè orí, òrùlé ló ń bá jà. Ti ìrọ̀lẹ́ ló burú, torí ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé. Búlọ́ọ̀kù tó bá mu oòrùn aago mẹ́rin yóò máa tú ooru yẹn sínú yàrá lóru. Bí títì bá sì sọ ọ́ di dandan pé kí ojú ilé kọ síbẹ̀, ẹ ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ síwájú, kí ẹ kó ilé ìwẹ̀ àti yàrá ìkẹ́rùsí sí ìhà náà, kí àwọn yàrá ìsùn bọ́ sí òdì kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ pàrápẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò. Àṣà ìlú ńlá ni, kò sì bá òjò igbó yín mu. Ewé yóò dí gọ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, omi yóò dúró, yóò sì wá ọ̀nà gba inú ògiri. Ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ jáde ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yí ilé ká. Òjò kò ní na ògiri, oòrùn kò sì ní ráyè rẹ̀. Ẹ dá ihò sábẹ́ òrùlé kí ooru tó wà láàárín páànù àti àjà lè jáde. Ti fèrèsé, èyí tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ. Ẹ lo èyí tó ń ṣí tán, kí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní méjì tí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé, kó gba èkejì jáde. Arieh Sharon tó ya yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 mọ èyí: ó ya ilé tí àjà òkè rẹ̀ yọ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí tòkè lè máa ṣíji bo tìsàlẹ̀.

Nípa ilé bàbá yín, ẹ má wó o. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ààfin àtijọ́ tó wà lórí Òkè Ìdànrè, ibi tí Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO ní 2007 fún ogún àgbáyé. Omi ló ń pa ilé amọ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí. Sìmẹ́ǹtì le, amọ̀ rọ̀. Bí ògiri bá ń fà tó sì ń wú, sìmẹ́ǹtì kò lè bá a lọ. Ó ń là, omi ń gba ibẹ̀ wọlé, kò sì rọ́nà jáde mọ́, ni ẹ fi ń rí i tó ń ṣí bẹ́ẹ̀bẹ̀ẹ̀. Ẹ ha á kúrò, ẹ fi amọ̀ tí a pò mọ́ iyanrìn rẹ́ ẹ, kí ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá jìnnà sí ìdí ògiri.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé Demas Nwoko, ayàwòrán-ilé ọmọ Idumuje-Ugboko, po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ó fi kọ́lé n'Ìbàdàn, àwọn ilé náà sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ní 2023, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion ní Venice fún iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa tó ní sìmẹ́ǹtì díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi mọ ògiri tuntun. Ọ̀nà jíjìn bí Ọbàjáná ní ìpínlẹ̀ Kogi ni sìmẹ́ǹtì ti ń wá, owó ọkọ̀ wà lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Iná tí wọ́n fi ń sun òkúta rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 1,450 lórí ìwọ̀n Celsius. Nínú èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run, ti sìmẹ́ǹtì tó nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ilẹ̀ pupa yín wà lẹ́sẹ̀ ilé.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló dára. Ẹ wa ilẹ̀ dúdú tó ní gbòǹgbò kúrò, kí ẹ bu pupa ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò dé ìdajì. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ bu omi kún un, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn yóò kọ́kọ́ rọlẹ̀, ekuru kúnnákúnná yóò tẹ̀ lé e, amọ̀ yóò wà lókè. Bí iyanrìn bá ju ìdajì lọ, tí amọ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ilẹ̀ yín yẹ. Sìmẹ́ǹtì ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ti tó o. NBRRI, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, tó ní ibùdó ní Ọ̀tà, ti ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ irú búlọ́ọ̀kù yìí. Ẹ fi tapólì bo búlọ́ọ̀kù náà, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ má sì fi mọ ògiri kó tó pé ọjọ́ 28. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ lò fún ìpìlẹ̀ àti ilé ìwẹ̀, kí ilẹ̀ inú ilé sì ga ju ìta lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀.

Ẹ so gọ́tà mọ́ òrùlé náà, kí ẹ gbé táńkì sábẹ́ rẹ̀. Òrùlé tó gba ilẹ̀ 100 mítà onígun mẹ́rin lè fún yín ní nǹkan bí 2,000 lítà nínú òjò mìlímítà 20.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ tẹ búlọ́ọ̀kù, kí páànù lè dórí ilé kí òjò tó le. Bí yẹ̀pẹ̀ inú ìgò bá ti tò, ẹ fi rúlà wọn ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.