Ẹ Fi Amọ̀ Kọ́ Apá Kí Ẹ Tó Yà Á

Ẹni tó bá fi pẹ́ńsù nìkan kọ́ ara ènìyàn lè ya apá tó rẹwà láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bébà gbà á láyè: yóò kun dúdú díẹ̀ sábẹ́ ìgúnpá, ohun tí kò mọ̀ yóò sì fara pamọ́ síbẹ̀. Amọ̀ kì í gbà bẹ́ẹ̀. A ó yí i, a ó wò ó látẹ̀yìn àti látòkè, bí eegun kò bá sì sí níbi tó yẹ, gbogbo ojú ni yóò rí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹ̀yin àbúrò wa pé kí ẹ má ṣe dúró de kíláàsì ère mímọ kí ẹ tó fọwọ́ kan amọ̀.

Apá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Orí máa ń tanni jẹ. Bí imú àti ẹnu bá ti jọra díẹ̀, a ó rò pé a ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ tẹ́ apá yín sórí tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Eegun méjì ló wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Èyí tó wà níhà ọmọńdinrín ni orí rẹ̀ yọ ṣóńṣó ní ìgúnpá. Èkejì wà níhà àtàǹpàkò. Ẹ wá da àtẹ́lẹwọ́ dé. Ìgúnpá kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n eegun ìhà àtàǹpàkò ti dábùú èkejì. Apá tó fẹ̀ pẹlẹbẹ tẹ́lẹ̀ ti wá rí roboto.

Wáyà méjì ni mo fi ń ṣe eegun wọ̀nyí. Lẹ́yìn náà, mo máa ń yí amọ̀ bí okùn, okùn kan fún iṣan kan. N kì í lẹ okùn kankan mọ́ ọn àfi tí mo bá lè tọ́ka sí eegun tó ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sí. Ẹ di ọwọ́ bí ẹni tó mú òòlù dání, kí ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ ọrùn ọwọ́ náà mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń gbìyànjú láti gbé e sókè. Iṣan tó yọ yẹn kò bẹ̀rẹ̀ ní ìgúnpá rárá. Ara eegun apá òkè ló ti sọ̀ wá.

Ẹnìkan bi mí pé ṣé kì í ṣe ẹ̀kọ́ òyìnbó lèyí. Lóòótọ́, Jean-Antoine Houdon, ará Faransé, mọ ère ọkùnrin tí a bó awọ lára rẹ̀ ní Róòmù ní 1767, àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì ń lo ẹ̀dà rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn orí amọ̀ Ifẹ̀, bí ìpéǹpéjú ṣe wé mọ́ ẹyinjú. Ẹni tó mọ wọ́n mọ ohun tó wà lábẹ́ awọ. Síbẹ̀, nínú ère idẹ Ọọ̀ni tí wọ́n wú ní Ìta Yemòó ní 1957, orí tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà gidi ga tó orí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó mọ ère yẹn kò ṣì í wọ̀n. Orí ló yàn láti gbé ga.

N kì í sun apá ìdánrawò wọ̀nyí níná. Amọ̀ ń súnkì bó ṣe ń gbẹ, wáyà kì í súnkì, yóò sán. Mo máa ń tú u padà sínú korobá, kí n bomi sí i, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e yóò di ẹsẹ̀. Kókósẹ̀ ti inú ga ju ti ìta lọ. Ẹ fọwọ́ kan tiyín kí ẹ tó mọ ọ́n.