Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Ìtọ́jú Ẹni tí Ó La Ìgbìyànjú Ìpara-ẹni Já

Iṣẹ́ ilé ìwòsàn lórí ẹni tí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ kì í parí ní ọjọ́ tí a bá ní kí ó máa lọ sí ilé. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2014, ìgbìyànjú ìṣáájú ni a kà sí àmì ewu tí ó lágbára jù lọ. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó kọ́kọ́ tẹ̀lé ìpadàsílé sì léwu púpọ̀. Ìtọ́jú àkókò yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn atúmọ̀ èdè kò ṣọ̀kan lé lórí.

‘Ìpara-ẹni’ kò ní ìṣòro: láti inú ‘pa ara ẹni’ ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀ pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣòro wà nínú ọ̀rọ̀ tí a ń fi yán an. Àwọn kan a máa kọ ‘ìgbìyànjú tí ó kùnà’ tàbí ‘tí kò yọrí’. Ohun tí ó yẹ kí ọwọ́ ẹni tẹ̀ ni a ń kùnà. Nítorí náà gbólóhùn yìí sọ ikú di àṣeyọrí, ó sì sọ ẹ̀mí tí ó kù di àbùkù. Ní àwùjọ tí a ti ń pa á lówe pé ikú yá ju ẹ̀sín, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe kékeré. ‘Là já’ sàn jù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń la igbó tàbí ogun já. Ìkíni rẹ̀ pàápàá ti wà nílẹ̀: ‘ẹ kú ewu’, tí a ń kí aboyún tí ó sọ̀ àti ẹni tí ó yọ nínú ìjàǹbá, láìkọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó fà á.

‘Ìtọpinpin’ ni àwọn mìíràn ń lò fún ìtọ́jú ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Abala 327 nínú ìwé òfin ọ̀daràn Nàìjíríà, tí ìpilẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916, fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan lélẹ̀ fún ìgbìyànjú náà. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ni ó ní kí ilé ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé a ó máa tọpinpin òun lè fún nọ́ọ̀sì ní àdírẹ́sì èké. ‘Ìbánikẹ́dùn’ náà kò bá a mu, nítorí pé ti ọ̀fọ̀ ni. ‘Àbẹ̀wò’ dára, ṣùgbọ́n ó gba kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni a ń lò.

Ní San Francisco, láti 1969, Jerome Motto pín ènìyàn 843 tí wọ́n ti wọ ilé ìwòsàn nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí èrò ìpara-ẹni, tí wọn kò sì gba ìtọ́jú síwájú sí i, sí ọ̀nà méjì. Ó ń kọ lẹ́tà kúkúrú sí apá kan fún ọdún 5, láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Àbájáde tí a tẹ̀ ní 2001 fi hàn pé àwọn tí ó kú nínú wọn kéré sí ti apá kejì, pàápàá ní ọdún 2 àkọ́kọ́. Ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2008, tí Campinas ní Bùràsíìlì wà lára ìlú 5 tí a ti ṣe é, kan ènìyàn 1,867. Wákàtí kan ni a fi bá àwọn kan sọ̀rọ̀; lẹ́yìn náà, a kàn sí wọn nígbà 9 láàrin oṣù 18, yálà lórí fóònù tàbí ní ojúkojú. Àwọn tí ó pa ara wọn jẹ́ 0.2 nínú 100, nígbà tí ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú lásán jẹ́ 2.2. Kì í ṣe gbogbo ìwádìí ni ó rí èrè tó bẹ́ẹ̀. Ní Newcastle ní Ọsirélíà, káàdì 8 láàrin ọdún kan dín iye ìgbà tí a tún un ṣe kù, kò dín iye àwọn tí ó tún un ṣe kù.

Láti inú ‘kàn sí’ ni ‘ìtọ́jú ìkànsíni’ ti wá. Ó gba lẹ́tà, fóònù àti àbẹ̀wò pọ̀. Lóòótọ́, ó ní òórùn ọ́fíìsì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ìwé tí aláìsàn àti olùtọ́jú jọ ń kọ, gẹ́gẹ́ bí Stanley àti Brown ti là á sílẹ̀ ní 2012, ni ó kù. Àmì ìkìlọ̀, ohun tí ẹni náà lè dá ṣe, àwọn tí ó lè ké sí, àti bí a ó ti mú ohun tí ó lè pani jìnnà ni ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá pè é ní ‘ètò ààbò’, ṣọ́jà ni etí yóò gbọ́. ‘Ìlànà ìdáàbòbo-ẹ̀mí’ yéni jù.

Ní ti lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, Yorùbá ojoojúmọ́ ni ó yẹ ẹ́: ‘Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti ríra. A ní kí a kí yín. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí wa, inú wa yóò dùn.’ Kí a lo ‘ẹ’ àpọ́nlé fún ọmọdé àti àgbà, nítorí pé ẹni tí ìtìjú ti bò ń wá ẹni tí yóò bu ọlá fún un. Ọ̀rọ̀ ìperí kankan kò gbọdọ̀ wọ inú lẹ́tà yìí, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ wọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ sí lára àpò ìwé tí aládùúgbò lè rí.